Ìbò 41: Willie Brown àti Àga Abẹnugan Ilé Aṣòfin California

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí òṣèlú Amẹ́ríkà, mo mọ̀ pé ọkàn ọ̀pọ̀ yín á ti lọ sí Washington, sọ́dọ̀ ààrẹ àti àwọn sẹ́nétọ̀. N kò lọ síbẹ̀ lónìí. Sacramento ni mo ń lọ, olú-ìlú ìpínlẹ̀ California, nínú gbọ̀ngàn kan tí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, níbi tí àwọn aṣòfin 80 ti ilé kékeré, ọ̀kan nínú ilé aṣòfin méjì ìpínlẹ̀ náà, ń jókòó sí. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ abẹnugan níbẹ̀, 41 nínú wọn ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Willie Brown gun àga yẹn ní oṣù Kejìlá 1980, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di oṣù Kẹfà 1995. Kò sí ẹni tó pẹ́ tó o lórí rẹ̀ ṣáájú, kò sì tíì sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní kí ló kàn wá níbẹ̀. Ìjọba alágbádá tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1979, ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà la ti wò ó ṣe: gómìnà lọ́tọ̀, ilé aṣòfin lọ́tọ̀, abẹnugan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yàn fúnra wọn. Ẹ sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé aṣòfin Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, tí wọ́n yọ abẹnugan nípò ní oṣù Kìíní, tó tún padà sórí àga ní oṣù Kẹta. Ẹni tó rò pé aráàlú ló ń yan abẹnugan, ọ̀rọ̀ yẹn á ti rú u lójú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Abẹnugan kò ní ọ̀gá méjì. Àwọn tó jókòó pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilé ni ọ̀gá rẹ̀. Ìlú jìnnà sí i. Brown mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ ní àkókò tirẹ̀. Dáadáa tó ṣe, ibẹ̀ ló ti wá. Èyí tó ṣe tó kù díẹ̀ káàtó náà, ibẹ̀ kan náà ni.

Ìlú Mineola ní Texas ni wọ́n bí i sí, ní oṣù Kẹta 1934. Nígbà náà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́tọ̀, ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ́tọ̀. Dallas ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ìyá-ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Ó nu bàtà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan tó jẹ́ pé òyìnbó nìkan ni wọ́n ń gẹrun fún níbẹ̀. Nígbà tó jáde ilé ìwé ní 1951, ó gba San Francisco lọ, sọ́dọ̀ arákùnrin ìyá rẹ̀ kan tí tẹ́tẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbálẹ̀, ó ṣọ́nà, ó ta bàtà, ó fi ka ìwé ní San Francisco State, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1958. Èmi kì í gbàgbé arákùnrin onítẹ́tẹ́ yẹn bí mo bá ń wo ọ̀nà tí Brown gbà ṣe òṣèlú. Ẹni tó bá ń ta tẹ́tẹ́ máa ń wo ojú ẹni tó jókòó sí iwájú rẹ̀ ju káàdì ọwọ́ ara rẹ̀ lọ.

Ní 1961, òun àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ wo ilé tuntun kan tí wọ́n ń tà ní Forest Knolls, ní San Francisco. Àwọn tó ń tà á rí àwọ̀ ara wọn, wọ́n sì sá lọ. Brown kò bínú lọ sílé. Ó jókòó síbẹ̀ dè wọ́n, àwọn èèyàn wá ń bá a jókòó, ìwé ìròyìn gbé e, orúkọ rẹ̀ sì kárí ìlú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó du ipò aṣòfin, ìbò díẹ̀ ni wọ́n fi ṣíwájú rẹ̀. Ó tún dù ú ní 1964, ó sì wọlé.

Jesse Unruh ni abẹnugan tó bá níbẹ̀, ọkùnrin sísanra tí wọ́n ń pè ní Big Daddy. Unruh ló sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì ń tún sọ títí dòní, pé owó ni wàrà ọmú ìyá tí òṣèlú ń mu. Òun náà ló jà kí iṣẹ́ aṣòfin ní California di iṣẹ́ òòjọ́ dípò iṣẹ́ oṣù mélòó kan lọ́dún, aráàlú sì fọwọ́ sí i nínú ìbò 1966. Ọ̀nà owó tí Unruh là ni pé kí owó ìpolongo tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń mú wá gba ọwọ́ abẹnugan kọjá, kó tó dé ọ̀dọ̀ aṣòfin tí ìdìbò ń bọ̀ wá bá. Ìwọ aṣòfin yẹn, tí o bá wọlé tán, ta lo máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Brown ń wò ó láti ẹ̀yìn, ó ń kọ́ ọ.

Ó kọ́ òmíràn ní 1974. Àga ṣófo, gbogbo èèyàn sì rò pé Brown ló kàn, torí ó ti jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó ìpínlẹ̀. Kò rí i gbà. Leo McCarthy ló gbà á, ọmọ San Francisco bíi tirẹ̀, àwọn aṣòfin aláwọ̀ dúdú kan àti àwọn Latino kan sì wà lára àwọn tó dìbò fún McCarthy. Brown ti rò pé tirẹ̀ ni wọ́n. Ẹnu rẹ̀ mú, ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé òun gbọ́n jù ú lọ. Ẹ sọ fún mi, ta ló ń dìbò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Wọ́n gba ipò alága lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀. Síbẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e, 1975, ni àbádòfin rẹ̀ tó ní kí ìjọba yé fi ohun tí àgbàlagbà méjì bá jọ fohùn sí nínú yàrá wọn sọ wọ́n sẹ́wọ̀n di òfin. Nílé aṣòfin àgbà, ìbò dọ́gba, igbákejì gómìnà Mervyn Dymally ló fi ìbò tirẹ̀ já a.

Ẹ jẹ́ ká wá dé 1980, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn.

Howard Berman jẹ́ igbákejì McCarthy nínú ilé. Ó ní àkókò ọ̀gá òun ti tó. Ẹgbẹ́ Democrat pín sí méjì, wọ́n sì fi odindi ọdún kan bá ara wọn jà. Wọ́n ń náwó lòdì sí ọmọ ẹgbẹ́ ara wọn nínú ìdìbò abẹ́lé. Nígbà tí ìdìbò oṣù Kọkànlá parí, McCarthy kò ní iye tó lè gbé e ró mọ́. Berman ló ní ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ti ń pín ipò láàárín ara wọn.

Brown jókòó, ó ka iye. Àwọn Democrat tó kórìíra Berman wà níbẹ̀, ó mọ̀ wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ wọn kò tó 41. Ó wá lọ bá ẹgbẹ́ kejì. Carol Hallett ni olórí àwọn Republican nínú ilé. Brown ṣèlérí fún wọn pé wọn á ní ipò alága, wọn á ní òṣìṣẹ́ tó tó wọn, wọn kò sì ní máa jókòó bí àlejò nínú ilé tí ìlú rán wọn lọ. Àwọn Republican wò ó. Berman lágbára, ó sì mọ iṣẹ́ ètò ìdìbò. Bí ó bá gun àga, ìjókòó wọn ni yóò máa gbà. Brown, lójú wọn, ọmọ San Francisco tó fẹ́ràn aṣọ àti fàájì ni, ẹni tí apá wọn á ká. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, 28 nínú wọn dìbò fún un, Democrat 23 fi tiwọn kún un. Ìbò 51. Ọmọ anubàtà láti Mineola di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ abẹnugan ní California, àwọn Republican sì ni wọ́n pọ̀ jù lára àwọn tó gbé e dé ibẹ̀.

Ohun tí wọ́n rò nípa rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1981, àsìkò tó láti fa ààlà ẹkùn ìdìbò tuntun, ààlà tí wọ́n sì fà dùn mọ́ ẹgbẹ́ Democrat dé ọ̀run. Àwọn Republican pariwo pé ó da àwọn. Ní ti Berman, kò bá a jà mọ́. Ààyè ṣí sílẹ̀ ní Washington, Berman àti alájọṣe rẹ̀ Mel Levine sì wọ ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1982. Èmi kò tíì rí ọ̀nà tó dáa ju èyí lọ láti lé alátakò jáde nílé: o gbé e ga, o sì kí i kú oríire.

Agbára abẹnugan California nígbà náà kò kéré. Òun ló ń yan alága ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, òun ló ń pinnu ẹni tó máa wà nínú èwo. Ọ́fíìsì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òṣìṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì kan wà nínú ilé ìjọba yẹn tó kéré ju gbogbo ìyókù lọ, aṣòfin tó bá ṣẹ abẹnugan ni wọ́n máa ń kó síbẹ̀. Brown fúnra rẹ̀ máa ń pe ara rẹ̀ ní Ayatollah ilé aṣòfin, á sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyà kọ́ ló fi jọba tó bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ó mọ ohun tí aṣòfin kọ̀ọ̀kan ń wá: ẹni tí àga alága ń wù, ẹni tí ìdìbò ń bà lẹ́rù, ẹni tí kò fẹ́ ju kí wọ́n tún ọ̀nà kan ṣe lẹ́kùn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gbóná, ó máa ń gbà kí ìwé ìròyìn na òun, kí ojú aṣòfin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ má bàa tì nílé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ fi ń dìbò fún un.

Ó fi agbára yẹn ṣe ohun tó kan ilẹ̀ Áfíríkà. Maxine Waters, aṣòfin láti Los Angeles, ti ń gbé àbádòfin kan wá lọ́dọọdún, pé kí California kó owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa dòwò pọ̀. Waters wà lára àwọn tó sún mọ́ Brown jù. Abẹnugan tún máa ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso yunifásítì ìpínlẹ̀ náà, Brown sì ń tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ wọn létí níbẹ̀. Gómìnà George Deukmejian, Republican, ti kọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1986 ó yí ọkàn padà, ó sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí Mandela dé Oakland ní oṣù Kẹfà 1990, pápá ìṣeré ńlá ibẹ̀ kún fọ́fọ́.

Mo ti sọ dáadáa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìnuwọ́.

Ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà kan wà ní Sacramento tí wọ́n ń pè ní Frank Fat's, kò jìnnà sí ilé aṣòfin. Ibẹ̀ làwọn aṣòfin àti àwọn alágbàwí tí ilé-iṣẹ́ ń sanwó fún ti ń jẹun alẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 1987, nígbà tí ìjókòó ilé fẹ́ parí, àwọn aṣojú agbẹjọ́rò, dókítà, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò àti àwọn oníṣẹ́ ńlá pàdé níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi bá ara wọn jà lórí ẹjọ́: iye tí ẹni tí ọjà bá pa lára lè gbà, iye tí lọ́yà rẹ̀ lè mú níbẹ̀. Bill Lockyer, ọmọ ilé aṣòfin àgbà, wà nídìí tábìlì, Brown ń lọ, ó ń bọ̀. Lockyer fa ìnuwọ́ kan lórí tábìlì, ó sì ń kọ àdéhùn sí i lára bí wọ́n ṣe ń fẹnu kò. Àwọn dókítà gba ohun tiwọn, àwọn lọ́yà rí àlékún owó tiwọn, ó di ṣòro láti gba owó ìtanràn ńlá lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ọjà. Àwọn ilé-iṣẹ́ sìgá náà wọ abẹ́ ibòji yẹn: ẹni tí sìgá bá kó àrùn bá kò ní lè pè wọ́n lẹ́jọ́ bí ó ṣe lè pe ẹlòmíràn. Láàárín wákàtí mélòó kan, ohun tí wọ́n kọ sára ìnuwọ́ gba ilé méjèèjì kọjá, Deukmejian sì fọwọ́ sí i.

Àwọn tó ṣe é yangàn pé àwọn ti parí ìjà ọlọ́dún pípẹ́. Mo gbà pé ìjà parí. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ní owó ló rí àyè jókòó sídìí tábìlì yẹn, ẹni tí sìgá ń pa nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ sìgá sì wà lára àwọn tó ń dáwó fún Brown àti àwọn èèyàn rẹ̀. Títí di 1997 ni òfin yẹn fi dúró, kí wọ́n tó yọ ti sìgá kúrò nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó yìí ń dún kiri. Brown ṣì ń ṣe iṣẹ́ lọ́yà nígbà tó jẹ́ abẹnugan, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń ní ohun tí wọ́n ń wá lọ́wọ́ ìjọba. Àwọn FBI dá ilé-iṣẹ́ edé sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí kò sí rárá, wọ́n sì ń wá aṣòfin tó máa gbowó láti ṣe òfin fún un. Ní oṣù Kẹjọ 1988, wọ́n ya wọ inú ilé aṣòfin, wọ́n ń tú ọ́fíìsì. Aṣòfin bíi mélòó kan ṣẹ̀wọ̀n lẹ́yìn náà, láti inú ẹgbẹ́ méjèèjì. Ti Brown kò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi ẹ̀sùn kàn án.

Ọdún yẹn kan náà ni àwọn Democrat márùn-ún dìde sí i: Gary Condit, Rusty Areias, Gerald Eaves, Steve Peace àti Charles Calderon. Wọ́n fẹ́ fi ìbò tiwọn kún ti Republican láti yọ ọ́, ọ̀nà kan náà tí òun fi gun àga. Àbí kí ló burú níbẹ̀? Brown gba ipò lọ́wọ́ wọn, ó kó wọn kúrò nínú ìgbìmọ̀ tó dára. Ohun tí ojú wọn wá, ojú wọn rí i. Ìdìbò oṣù Kọkànlá tún fún Brown ní èèyàn tó tó, ọ̀tẹ̀ náà sì tú ká.

Nígbà tí àwọn alátakò rí i pé nínú ilé apá àwọn kò ká a, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ìlú. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ ní 1984: aráàlú dìbò pé kí wọ́n dín agbára abẹnugan kù, ilé ẹjọ́ sì ní ìbò gbogbogbòò kò lè ṣe òfin inú ilé fún ilé. Ní 1990, wọ́n gbé òmíràn wá, Proposition 140. Ọdún 6 péré ni ẹnikẹ́ni á lè lò nílé kékeré, ọdún 8 nílé àgbà, títí ayé rẹ̀. Owó tí ilé ń ná lórí òṣìṣẹ́ àti iṣẹ́ rẹ̀ náà, wọ́n gé ohun tó ju ìdá mẹ́ta lọ kúrò nínú rẹ̀. Àwọn tó ń polongo rẹ̀ kò fi orúkọ Brown pamọ́. Ìlú fọwọ́ sí i, ó sì jẹ́ díẹ̀ ló fi ju ìdajì lọ.

Èmi kò fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe nítorí ẹnì kan, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa ń jìyà rẹ̀. Aṣòfin tó máa lo ọdún 6, ọdún méjì àkọ́kọ́ ló fi ń kọ́ ibi tí ilẹ̀kùn wà, ọdún méjì tó kẹ́yìn ló fi ń wá ipò míràn. Alágbàwí ilé-iṣẹ́ sìgá kò ní òdiwọ̀n sáà tirẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lánàá, ó wà níbẹ̀ lọ́la, òun ló wá ń ṣàlàyé fún aṣòfin tuntun bí nǹkan ṣe rí. Òṣìṣẹ́ tó gbọ́nwọ́, tó lè sọ fún aṣòfin pé irọ́ ni alágbàwí yìí ń pa, wọ́n ti gé owó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Brown ṣì ní ìgbà díẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1994, Republican gba ìjókòó 41 nínú 80. Gbogbo èèyàn ló ní ó ti parí fún un. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá, wọ́n ń pe orúkọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti yan abẹnugan. Jim Brulte ni Republican fà kalẹ̀. Wọ́n dé orí Paul Horcher, Republican bíi Brulte, ó sì dáhùn: "Brown." Ariwo sọ. Horcher ti fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti di ẹni tí kò ní ẹgbẹ́, 40 sì dọ́gba pẹ̀lú 40.

Ìjókòó náà dẹnu kọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Brown tún ka iye. Richard Mountjoy, Republican, ti wọlé sí ilé àgbà, ó sì tún di ìjókòó tirẹ̀ mú nílé kékeré. Brown ní èèyàn kan kò lè jókòó sílé méjì. Wọ́n dìbò yọ Mountjoy ní oṣù Kìíní 1995, ó ku 79, Brown sì wọlé pẹ̀lú 40 sí 39. Ní oṣù Karùn-ún, àwọn ará ẹkùn Horcher pè é padà sílé. Nígbà tí Brown sì rí i pé òun kò lè di àga mú mọ́, ó fi ìbò àwọn Democrat gbé Republican kan, Doris Allen, gorí rẹ̀. Nínú gbogbo Republican, ìbò Allen fúnra rẹ̀ nìkan ló rí. Inú ti ń bí i sí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ìjókòó ilé àgbà kan tí wọn kò tì í lẹ́yìn fún. Brown ló mọ̀ pé inú ń bí i. Wọ́n pe òun náà padà sílé kí ọdún tó parí. Inú mi kì í dùn sí apá yìí. Àwọn méjì pàdánù ipò, ẹni tí wọ́n pàdánù rẹ̀ fún ti ń polongo ìbò láti di mẹ́yọ̀ San Francisco.

Ó wọlé ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ó sì lo sáà méjì, 1996 sí 2004. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ní Sacramento, abẹnugan ń lọ, abẹnugan ń bọ̀: Pringle, Bustamante, Villaraigosa, Hertzberg, Wesson, Núñez, Bass, gbogbo wọn láàárín 1996 sí 2010. Villaraigosa àti Karen Bass di mẹ́yọ̀ Los Angeles lẹ́yìn náà. Ní 2012, aráàlú tún òfin náà ṣe, wọ́n ní kí aṣòfin lè lo ọdún 12 lápapọ̀, ní ilé kan tàbí méjèèjì, kí àwọn èèyàn lè pẹ́ díẹ̀ nídìí iṣẹ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2013, ilé méjèèjì dìbò pé kí wọ́n fi orúkọ Willie Brown pe apá ìwọ̀-oòrùn afárá ńlá tó so San Francisco mọ́ Oakland. Gómìnà Jerry Brown, tó fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní 1975, ní kí wọ́n fi orúkọ afárá sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ kò nílò ọwọ́ gómìnà. Ìbò inú ilé nìkan ló fẹ́, àwọn tó sì di ìbò náà, òfin tí wọ́n ṣe nítorí Willie Brown ti rí i dájú pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bá a jókòó nílé kékeré rí.